Àbúrò Mi Onígi

Oṣù tí mo parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni sítírọ́ọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní kíṣìnnì wa. Auntie wa ló máa ń rà á, nítorí pé ohun mímu tútù máa ń ta wọ́n léyín. Bí wọ́n bá já páálí tuntun, kì í pẹ́ tí a ó tún fi máa wá a. Àbúrò mi ló ń kó o. Kò fi mu nǹkan kan o. Igi ló ń kó sínú rẹ̀.

Àwa mẹ́ta là ń gbé fúláàtì kan ní Weston, ní Canada, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro tó wà nítòsí odò Humber: Auntie wa, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi, àti àbúrò mi. Ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n ìyá àbúrò mi, Auntie wa sì ni ẹ̀gbọ́n àwọn méjèèjì. Yunifásítì kan náà ni èmi àti àbúrò mi lọ. Èmi kọ́ bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Òun ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa igbó, ó sì ń ṣèwádìí nípa igi sípúrúsì, igi òkè àríwá tí ewé rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, tí òtútù kì í sì í mú kó wọ́wé. Bí ó bá lọ sínú igbó nígbà ooru, á fi irin kan tó ní ihò nínú lu igi títí dé àárín, á sì fa ọ̀pá tín-ín-rín kan jáde tí kò nípọn tó pẹ́ńsùlù. Ó ní ìyẹn kì í pa igi náà. Inú sítírọ́ọ̀ ló ń kó ọ̀pá yìí sí kó má baà ṣẹ́. Tó bá délé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, á fi sánpépà ha á títí àwọn ìlà tó ń sọ ọjọ́ orí igi náà á fi hàn gbangba.

"Onígi!" Auntie á pariwo láti kíṣìnnì. "Ṣé kápẹ́ńtà lo wá dà ní Canada ni? Ìyẹ̀fun igi ti wọnú gàrí mi!"

"Ẹ má bínú, Auntie. Fáíbà ni, ó dáa fún ara."

"Fáíbà kọ́, fáyà ni."

Onígi ni Auntie ń pè é. Èmi ni Tíṣà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé ẹ̀kọ́, orúkọ tèmi ló máa ń ṣíwájú bí àlejò bá yà wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ wá kí Tíṣà wa." N kò lè sọ ọjọ́ tó yí padà. Mo kàn ṣàkíyèsí pé Onígi ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, tí wọ́n á ní kó gbé pátákó rẹ̀ jáde, tí wọ́n á sọ fún àlejò pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló ń sanwó fún un kó lè máa wo igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá nawọ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Òun náà ń ṣe dáadáa." Mo gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò. Ẹni tó ń ṣe dáadáa lóòótọ́, a kì í dúró kí àlejò ti fẹ́ máa lọ kí a tó sọ ọ́.

Tíṣà adelé ni mí. Bí ara olùkọ́ kan kò bá yá, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, fóònù mi á dún ní ìdájí. Èèyàn kọ́ ló ń pè mí, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni: ilé-ìwé báyìí, kíláàsì báyìí, tẹ ọ̀kan bí o bá gbà. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kí ohùn náà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ilé-ìwé àdúgbò Springdale ni wọ́n máa ń rán mi lọ jù. Bí àwọn ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ orúkọ mi, olùkọ́ wọn á ti padà dé. Lọ́jọ́ kan mo bá ọmọ Yorùbá kan pàdé níbẹ̀, mo fi Yorùbá kí i, ó fi èdè Òyìnbó bi mí bóyá èmi ni tíṣà wọn gan-an. N kò rí èsì tó jẹ́ òótọ́ tó sì kúrú fún ọmọ kékeré.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé tíṣà ò tó ní ibí. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà kò pé. Tíṣà tó lè fi Faransé kọ́ni ni wọ́n ń wá kiri ní gbogbo ilé-ìwé tí mo dé. Èmi kò gbọ́ Faransé.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, yunifásítì wa fi ìwé ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Àwòrán àbúrò mi wà nínú rẹ̀. Ó dé akoto, ẹ̀fọn ti jẹ ojú rẹ̀ wú, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì dì mọ́ igi sípúrúsì kan bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó ti pẹ́ tó ti rí. Ojú ìwé tó kọjú sí i ni wọ́n kọ ọ́ sí pé èyí tó pọ̀ jù lára àwọn tó gba oyè iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wọn ló ti ríṣẹ́. Bí a bá pa ìwé náà dé, ojú àbúrò mi á lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ta ni wọ́n bi léèrè? Wọ́n bi mí. Wọ́n fi íméèlì bi mí pé ṣé mo ti níṣẹ́, n kò sì dá wọn lóhùn, nítorí pé n kò mọ ìdáhùn. Tíṣà adelé, ṣé ó níṣẹ́ àbí kò níṣẹ́? Àwọn tó dáhùn ni wọ́n kà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tí inú wọn dùn ló sáré dáhùn. N kò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Wọn kò kàn rí mi ni.

Auntie gé àwòrán náà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Láti ìgbà náà, n kò lè mú mílíìkì láìkọ́kọ́ wo ojú àbúrò mi.

Mo gbìyànjú láti mọ ohun tó ń ṣe mí gan-an. Mo wá ìlara nínú ọkàn mi, n kò rí i. N kò fẹ́ kí nǹkan tirẹ̀ bàjẹ́. Bí pátákó rẹ̀ bá já bọ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ sáré gbé e. Owú ni. Mo fẹ́ kí Auntie fi ohùn tí wọ́n fi ń pè é pe èmi náà. Mo sì mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í jowú àbúrò, tàbí kí n sọ pé bó bá tiẹ̀ ń jowú, kì í jẹ́ kó hàn. Ó dá mi lójú pé tèmi kò hàn.

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí yìnyín ń bọ́, ó pè mí wá sídìí tábìlì. "Sister mi, ẹ wá wo eléyìí." Ó gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi lé mi lọ́wọ́. "Igi yìí ò ga kọjá ìgbáròkó mi. Ọjọ́ orí ẹ̀ ju ti Auntie lọ."

"Mo gbọ́ o!" Auntie dáhùn láti yàrá.

Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn sípúrúsì kéékèèké wà tó jẹ́ pé abẹ́ òjìji àwọn ńlá ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í kú, wọn kì í sì í dàgbà. Ìlà ọdọọdún wọn tín-ín-rín bí irun orí. Ọjọ́ tí igi ńlá bá wó, tí ìmọ́lẹ̀ dé, ìlà náà á fẹ̀ lójijì. Ó fi èékánná tọ́ka sí i. "Ẹ rí ibí? Ibí ni ọ̀gá rẹ̀ ti wó."

"Ṣé gbogbo wọn ló máa ń dàgbà bí ọ̀gá bá wó?"

"Púpọ̀ nínú wọn."

"Àwọn tó kú síbẹ̀ kó tó wó ńkọ́?"

Ó dá ọwọ́ sánpépà dúró. "Àwọn yẹn ti jẹrà, Sister mi. Mi ò lè lu igi tó ti jẹrà."

"Àwọn tó yè nìkan lo bi léèrè nìyẹn."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ẹ̀! Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n mi bi mí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe iṣẹ́ yìí."

Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn bóyá ẹ̀tàn wà nínú rẹ̀. Kò sí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Mo sì rí i pé ó fẹ́ fi igi kékeré yẹn tù mí nínú láìsọ ọ́ jáde. Àmọ́ èmi kì í ṣe igi. Igi kì í rí àwòrán àbúrò rẹ̀ lára fíríìjì. Mo dìde, mo lọ fọ abọ́.

Nínú oṣù kejì, ilé-ìwé kan ní Bowmanville pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Olùkọ́ kan fẹ́ lọ bímọ, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò di kíláàsì rẹ̀ mú títí ọdún ẹ̀kọ́ á fi parí. Kíláàsì kan ṣoṣo, àwọn ọmọ kan náà ní gbogbo ọjọ́, orúkọ mi lára ilẹ̀kùn. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan báyìí rí ní ìlú yìí. Mo fi fóònù sọ fún ìyá mi ní Ìbàdàn.

"Olúwa á ṣe é," wọ́n ní. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, títí á fi bọ́ sí i."

"Àbúrò mi ńkọ́, Mummy?"

Wọ́n ní, "Èèyàn ni òun náà."

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fi í sí. Bowmanville jìnnà sí Weston. Ìlà-oòrùn ni, ó kọjá ibi tí ojú irin parí sí, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé nínú yìnyín. Mọ́tò Auntie nìkan ló lè gbé mi débẹ̀ lásìkò. Mo lọ bá wọn ní yàrá.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ lo mọ́tò láàárọ̀ Thursday. Interview ni. Ẹ má sọ fún Onígi."

Wọ́n wò mí láti òkè ìgò ojú wọn, wọ́n wò mí pẹ́. "Thursday?"

"Thursday, mà."

"Kí n má sì sọ fún un?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Mo ti gbọ́."

Ó yẹ kí n fura. Bí Auntie bá yọ̀ǹda mọ́tò, "Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì" ni wọ́n máa ń sọ.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọ kóòtù dúdú mi, mo kó bàtà sínú báàgì. N kò rí kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, mo rò pé inú mọ́tò ló wà, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí lábẹ́ ilé. Àbúrò mi ti wà níbẹ̀. Ó ti ṣí búùtù, ó ń to pátákó rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi ìró Auntie wé wọn. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Sister mi." Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. "Ibo lẹ ń lọ?"

"Ibì kan. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà, ibì kan ni."

"Pẹ̀lú pátákó?"

"Pẹ̀lú pátákó. Ẹ̀yin wá ńkọ́, pẹ̀lú kóòtù yẹn? Ṣé òkú lẹ fẹ́ lọ sin ni?"

A pe Auntie. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ṣíìfù dé ni, oorun ti kún ohùn wọn.

"Auntie, Sister mi wà níbí o. Àwọn náà ní àwọn fẹ́ lo mọ́tò."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Tíṣà ní kí n má sọ fún Onígi. Onígi ní kí n má sọ fún Tíṣà. Ẹnu mi lẹ tì pa, ẹ ò ti mọ́tò. Mo ní bí ẹ bá jọ dé ìdí ẹ̀, ẹ̀yin náà á lanu. Ẹ ti débẹ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sùn." Wọ́n pa fóònù.

Lẹ́yìn náà, àbúrò mi kúnlẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Ẹ gbà á, Sister mi. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n." Ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó pátákó rẹ̀ jáde.

Ọwọ́ mi ti gbà á kí n tó rò ó. Kò béèrè ibi tí mò ń lọ, kò sì fi ọ̀ràn tèmi wé tirẹ̀. Mo ti ń ṣọ́ nǹkan tí mo fi jù ú lọ láti ọjọ́ pípẹ́, ipò ẹ̀gbọ́n nìkan ló sì kù. Òun ló tún wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mi, tinútinú. Mo jowú ìyẹn náà.

"Níbo lo fẹ́ gbé wọn lọ?"

"Airport. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń kọjá, láti yunifásítì kan lókè àríwá. Ó ń wá ẹni tó máa ṣe PhD lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ní kí n wá fi igi mi han òun kí òun tó wọ bàálù."

"O ò sọ fún mi."

"Mummy ní kí n má sọ."

"Fún gbogbo ayé ni, àbí fún èmi?"

Ó ń tún etí ìró náà wé, bẹ́ẹ̀ ó ti wé dáadáa tẹ́lẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?" Mo béèrè torí pé mo fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ ẹ̀rí.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Sister mi. Ẹ kàn máa ń dákẹ́ ni. Tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ mi, ẹ máa dákẹ́, ẹ máa dìde lọ fọ abọ́. Abọ́ tó mọ́, ẹ máa tún un fọ̀."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lápá ọ̀tún, mo yẹ̀ ẹ́ wò lápá òsì. N kò rí ibi tí mo lè já a nírọ́. Mo ti rò pé ìdákẹ́ ni mo fi bo nǹkan náà, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé ló ń gbọ́ ariwo omi ẹ̀rọ.

"Interview ni mò ń lọ," mo ní. "Ní Bowmanville. Kíláàsì tèmi."

Ó kígbe tó fi jẹ́ pé gbogbo abẹ́ ilé gbà á. "Ẹ ò sọ fún mi!"

"Mummy ní kí n má sọ."

"Nítorí kí ni?"

"Wọ́n ní èèyàn ni ìwọ náà."

Ẹ̀rín pa á, ó di mọ́tò mú kó má baà ṣubú. Àwọn ìyá wa méjèèjì, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ń gbàdúrà fún ọmọ ara wọn, kálukú sì ń fi ọmọ tirẹ̀ pamọ́ fún ọmọ èkejì. Èmi náà rẹ́rìn-ín, díẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin kan wà tó ń ti Weston lọ tààrà sí airport. "Wọlé," mo ní. "Màá gbé ẹ dé ibùdó rẹ̀."

"Ẹ máa pẹ́ o."

"Wọlé kí n tó yí ọkàn padà."

Ó gbé pátákó lé ẹsẹ̀. Òórùn oje igi gba inú mọ́tò. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbá wọn mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ jòjòló, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí yìnyín. Ó wù mí kí n bá a gbé wọn dé ẹnu ọkọ̀. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ń pẹ́. Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ síhà ìlà-oòrùn, mo gbàdúrà fún ara mi, lẹ́yìn náà mo gbàdúrà fún un. Mo ṣàkíyèsí ẹni tí mo fi ṣáájú.

Mo pẹ́ díẹ̀. Wọ́n dúró dè mí. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, obìnrin kan tí kì í tètè sọ̀rọ̀, bi mí pé bí ọmọ kan kò bá ń sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá nǹkan ń yé e. Mo ní n kò ní gbà pé ohun kan ṣoṣo ni ìdákẹ́ túmọ̀ sí. Mo ní n ó máa wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ọmọ náà bá ń tún ohun tó ti mọ́ nù, á jẹ́ pé ohun kan wà tí kò tíì sọ. Obìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n pè mí. Ohùn èèyàn ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fún mi ní kíláàsì náà títí di òpin oṣù kẹfà. Mo mọ̀ pé títí di oṣù kẹfà kì í ṣe títí láé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Auntie kí wọ́n má baà ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. "Tíṣà wa!" ni wọ́n ń pariwo. Ohùn tí mo ti ń retí nìyẹn. Wọ́n ní kí n máa gbé mọ́tò, àwọn á máa wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n òkè àríwá kò tíì sọ nǹkan kan fún àbúrò mi. Síbẹ̀ ó jó yí tábìlì ká, ó pe ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n wá kí mi kú oríire. Mo wo ojú rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń fi awò wo igi. Mo ń wá ìlà owú kan, bó tiẹ̀ tín-ín-rín bí irun. N kò rí ọ̀kan.

Nínú oṣù kẹta, fóònù mi dún nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde lọ jẹun. Omi yìnyín ń kán lára fèrèsé.

"Sister mi."

"Ṣé kò sí?"

"Wọ́n ti mú mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn. Wọ́n ti mú mi!"

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́. Mummy ò tíì gbọ́."

Mo gbé fóònù mọ́ etí. Mo rò ó pé nígbà tí oṣù kẹfà bá parí, èmi á padà sídìí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, òun á sì máa palẹ̀ mọ́ lọ sí igbó tó fẹ́ràn. Àwòrán mìíràn á tún wà. Mo rò ó pé èmi ló kọ́kọ́ sọ fún, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ jókòó sínú mi, èkíní kò lé èkejì jáde.

"Sister mi, ẹ tún ti ń dákẹ́ o."

Mo wo ọwọ́ mi. Ohun tí mo fi ń nu pátákó ìkọ̀wé wà níbẹ̀, mo sì ti ń nù ún láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀. Pátákó náà ti mọ́ tipẹ́.

"Mò ń jowú lọ́wọ́ ni," mo ní. "Fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má kánjú, Sister mi. Mo wà níbí."

Ó sì dúró dè mí.